Ẹni Tó Jí Ohùn Àbùùbùtán

Wọ́n jí ohùn.

Ẹ má rò pé mo ṣìsọ. Kì í ṣe góòlù, kì í ṣe fóònù, kì í ṣe mọ́tò. Ohùn ni wọ́n jí, ohùn ẹranko tó tóbi ju mọ́sálásí àdúgbò wa lọ, inú àpótí irin tí kò ju àpótí bàtà lọ ni wọ́n sì ti jí i, ní Jamestown, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ gbogbo ọlọ́pàá Accra lọ́wọ́. Ó dáa, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni, Sájẹ́ǹtì Yusif, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Alata, ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Accra, bíi tiwa. Òun ló pè mí.

"Suhaib, níbo lo wà?"

"Mo ti wà lójú ọ̀nà, ọ̀gá," ni mo wí. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà.

Tí nǹkan bá sọnù láti Tema títí dé Kasoa, èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó wá abẹ́ àga wò. Imú mi máa ń gbóòórùn irọ́ kí ẹni tó fẹ́ pa á tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, kì í ṣe Yusif ló mú mi sáré tí mo fi wọ bàtà òdì. Bùkọ́lá ni. Agboolé kan náà la ti dàgbà ní Jamestown, láti kékeré ni mo sì ti ń dúró kó yíjú wo ọ̀dọ̀ mi. Ó yíjú lóòótọ́. Òkun ló wò. Ó lọ kàwé nípa àbùùbùtán.

Mo bá a nínú yàrá òkè tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Suhaib, wọ́n ti gbé e lọ."

"Kí ni wọ́n gbé?"

"Mẹ́mórì inú máìkì mi."

Ó ní máìkì kan wà tí wọ́n máa ń rì sísàlẹ̀ òkun. Wọ́n á so òkúta mọ́ ọn nísàlẹ̀, wọ́n á so gálọ́ọ̀nù tó léfòó mọ́ ọn lókè, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó máa dá gbọ́ ohun tó ń lọ lábẹ́ omi.

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn wo ẹja yín lójú?"

"Kì í ṣe ẹja. Ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa sọ fún ọ?"

"Ẹja tó ń fún ọmọ lọ́yàn."

"Suhaib!" Ó nu ojú rẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òkun ò ní fèrèsé tí èèyàn lè yọjú. Tí àbùùbùtán bá gbé ìrù sókè, a máa ya fọ́tò abẹ́ ìrù náà. Àpá ibẹ̀ ò jọra, ó dà bí ilà ojú, òun la fi ń mọ̀ pé lágbájá nìyí, ó tún ti padà wá. Òmíràn, a máa lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn. Tó bá ti yọrí láti mí, ẹ̀rọ náà á ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Tó bá yàgbẹ́, a máa kó o."

"Ẹ máa kó kí ni?"

"Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ohun tó jẹ, àti bóyá ó lóyún."

Ọmọbìnrin tí kò rántí ọjọ́ ìbí mi rí, ó ń fi agbọ̀n kó ìgbẹ́ ẹranko lórí omi tìfẹ́tìfẹ́. Mo jowú àbùùbùtán lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Ó ṣàlàyé yòókù. Irú àbùùbùtán tó ń wá yìí, àwọn ọdẹ òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ní kò sí lápá ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ó rì máìkì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó fà á jáde ní Ọjọ́rú, ó sì tẹ̀ ẹ́ gbọ́.

"Ìyá kan ni, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ báyìí. Ìyá tó bá lọ́mọ kékeré kì í pariwo, kí apẹran má baà gbọ́. Mi ò tíì gbọ́ ju ìgbà tí èèyàn fi ń mí ẹ̀mí mẹ́ta lọ, dumsor dé, iná lọ. Mi ò rí i kọ sórí kọ̀ǹpútà. Mo tì í mọ́ àpótí. Láàárọ̀ yìí, mo bá àpótí ní títìpa, mo ní kí n sọ̀kalẹ̀ lọ ra kókó àti àkàrà. Kí n tó gòkè padà, wọ́n ti tú u."

Ohun tó ń pa á lẹ́kún nìyí: ọkọ̀ ńlá kan wà ní èbúté Tema tó máa gbéra lọ́jọ́ Ẹtì, tó máa tẹ̀ lé àwọn àbùùbùtán náà fún oṣù bíi mélòó kan. Àyè méjì ni wọ́n fún ẹgbẹ́ onímọ̀ tí Bùkọ́lá wà ní Jamestown. Ọ̀kan ti jẹ́ ti Olútáyọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Èkejì, ẹni tó bá mú ohùn ẹranko náà wá ló ni ín. Tí ohùn ò bá sí, Bùkọ́lá máa jókòó sílé ni.

Yusif bẹ̀rẹ̀, ó fa nǹkan kan jáde lábẹ́ tábìlì. Sukudiráfà ni, ọwọ́ rẹ̀ pupa.

"Ti Olútáyọ̀ ni," Bùkọ́lá sọ ọ́ kẹ́lẹ́.

Ọkàn mi fò fáyọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Olútáyọ̀ ṣe rí fún yín. Èkó ló ti dé ní oṣù tó kọjá. Ó ga bí òpó iná. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán. Eyín rẹ̀ funfun débi pé tí dumsor bá dé, kó kàn rẹ́rìn-ín, gbogbo àdúgbò á ríran. Ó máa ń dápàárá tí kò pani lẹ́rìn-ín rárá, Bùkọ́lá á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó wọlé ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà. Mo ti gbé àga síwájú fèrèsé kí oòrùn lè wọ̀ ọ́ lójú.

"Ta ló ni èyí?"

"Tèmi ni. Níbo lẹ ti rí i?"

"Èmi ni mò ń bèèrè. Níbo lo wà láàárọ̀ yìí?"

"Tema. Mo lọ wo ọkọ̀ wa."

"Ọkọ̀ wo lo wọ̀ lọ?"

"Trotro."

"Ọ̀nà ńkọ́?"

"Ó já geere."

Èmi àti Yusif wo ara wa. Ọ̀nà Tema, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó já geere! Èèyàn lè bímọ sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yẹn kí ọmọ náà sì ti máa rìn kí wọ́n tó dé Tema.

"Àbúrò," Yusif ní, "o ò lọ sí Tema. Níbo lo lọ?"

Olútáyọ̀ wo Bùkọ́lá, ó wá wo èmi. "Ọ̀gá, ẹ dákun. Mi ò lè sọ ọ́ níwájú Suhaib."

"Táyọ̀, sọ̀rọ̀ jàre," Bùkọ́lá bẹ̀ ẹ́.

Táyọ̀! Láti kékeré, kò gé orúkọ tèmi kúrú rí lọ́jọ́ kan.

Olútáyọ̀ mi orí. Yusif fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Suhaib, ọmọ yìí ti ní àyè nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ohùn ṣe?"

"Ìlara ni, ọ̀gá mi. Ẹni tó bá rẹwà máa ń jowú ẹni tó gbọ́n." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó kà á nínú ìwé.

Wọ́n mú un lọ sí àgọ́. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó tẹrí ba kí ilẹ̀kùn má gbá a lórí. Èmi kì í tẹrí ba fún ilẹ̀kùn yẹn. Ó bí mi nínú.

Dókítà Àrówólò tó jẹ́ olórí wọn ló tún kàn. Àgbàlagbà onígíláàsì ni, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ó máa ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Nàìjíríà ní Osu. Ó pe èmi àti Yusif wọnú mọ́tò rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má jẹ́ kí Bùkọ́lá gbọ́, á dùn ún jù. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì wá. Èmi náà ti gba ohùn ẹranko yẹn fúnra mi ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ fi ṣe ìyàlẹ́nu fún wọn ni."

"Báwo lẹ ṣe gbà á, bàbá?"

"Nínú ọkọ̀ ìpẹja, iwájú ilé gogoro oníná tiwa níbí gan-an. Àwọn apẹja yí wa ká bí èèrà, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù wá! Mo ju máìkì sómi, mo dì í mú báyìí."

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Nǹkan kọ́kọ́ ń ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Ó ní edé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. *Ùùùm. Ùm.* Bí ìyá àgbà tó ń pe ọmọ lẹ́yìn ògiri, tí kò fẹ́ kí àlejò gbọ́. Ó dákẹ́. Nǹkan kan tó kéré jù ú lọ dá a lóhùn. Gbogbo irun ara mi dìde, títí kan èyí tí kò tíì hù.

"Nítorí náà, èmi ni màá lọ," Dókítà ní, "kí iṣẹ́ wa má baà bàjẹ́."

Yusif ní àmín. Èmi náà ṣe àmín tó gùn ju tiẹ̀ lọ. Ẹ bá mi ṣírò ayọ̀ mi: Olútáyọ̀ wà nínú àtìmọ́lé, bàbá arúgbó ń lọ sójú òkun, Bùkọ́lá máa wà ní Accra pẹ̀lú mi. Ẹjọ́ ti parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo ló tún ṣe irú ẹ̀ rí?

Mo lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ ìyá mi. Àlhájà Fọlákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Odawna, ó ń ta òkìrìkà, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní broni wawu. Mi ò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Suhaib, o ò mọ irú ọmọ tó wá síbí láàárọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú báálì ni. Ọmọ Yorùbá gidi, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi!"

"Ó ga?"

"Bí ẹni tó fẹ́ tún òrùlé ṣe."

"Irùngbọ̀n ńkọ́?"

"Ó ń dán! Kóòtù òtútù méjì ló rà, àwọ̀ kan náà, ọ̀kan ti obìnrin. Ó ní atẹ́gùn òkun mú, ẹni tí òun rà á fún kì í rántí ara rẹ̀ tó bá ti ń wá ẹranko. Ọ̀dọ̀ mi ló wà tó ń yẹ̀ wọ́n wò títí tí mo fi tú báálì tán. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe ẹ̀ní fún un. Ìwọ ńkọ́, Suhaib, kí ló dé tí o kì í mú irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ wálé?"

Kùtùkùtù ni ìyá mi máa ń tú báálì, lásìkò tí Bùkọ́lá ń ra kókó gan-an. Olútáyọ̀ ò lè wà ní Odawna kó tún wà ní Jamestown. Bùkọ́lá ló ra kóòtù kejì fún, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ sọ ọ́ lójú mi. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, ó ń ṣàánú mi! Èmi!

Mo jáde. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n inú mi ní kò sí ìkánjú. Mo ra kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín, mo gbé e lọ bá Bùkọ́lá létí òkun.

A jókòó sórí ọkọ̀ ìpẹja kan tí wọ́n ti fà wá sórí iyanrìn. Kò fẹ́ jẹun. Ó ń fi ìka pín ẹja sí wẹ́wẹ́.

"Mi ò mọ̀ pé irú èèyàn tí Táyọ̀ jẹ́ nìyẹn."

Mo jẹ kẹ́ńkẹ́. Kẹ́ńkẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn lè sọ̀rọ̀, ìdí tí mo fi bu òkèlè ńlá nìyẹn.

Ó tún sọ nǹkan, mi ò gbọ́. Àwọn apẹja ń wọlé, ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ wọn ń bú bíi pé kìnnìún igba ló jókòó sínú agolo.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ariwo yìí ti pọ̀ jù!" ló pariwo sí mi létí.

"Ṣé òní lo dé Jamestown ni? Ojoojúmọ́ ni! Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́..."

Òkèlè dúró lọ́nà ọ̀fun mi.

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sétí òkun yìí ló mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ọmọ Gã, àwọn onílẹ̀ ibí, tó ń lọ pẹja. Ọjọ́ ìsinmi òkun ni. Wọ́n á tún àwọ̀n ṣe, wọ́n á ta ayò, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan tó máa dún.

"Bùkọ́lá, kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ Ajé lo rì máìkì yẹn?"

"Kó lè wà nísàlẹ̀ kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́. Ẹ́ńjìnnì máa ń bo ohùn ìyá ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni òkun tiwa máa ń dákẹ́. Èrò ara mi ni, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló dé?"

Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́. Mo dákẹ́.

Ẹ wò ó, ẹnu mi ò dákẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Nínú ohùn tí Dókítà tẹ̀ fún wa nínú mọ́tò, mo gbọ́ edé, mo gbọ́ ìyá, mo gbọ́ ọmọ. Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Tí mo bá gbé òkèlè yìí mì, Bùkọ́lá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Tí mo bá la ẹnu, òun àti Olútáyọ̀ ló máa jọ wọ ọkọ̀ kan náà, pẹ̀lú kóòtù aláwọ̀ kan náà, lójú òkun tí kò sí Suhaib kankan níbẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tó dùn mí jù?" Bùkọ́lá ní. "Kì í ṣe ọkọ̀. Mo gbọ́ ìyá yẹn. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ní báyìí, tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń purọ́."

Ìyẹn ló mú mi. Kó sòótọ́, kí wọ́n má gbà á gbọ́: ta ló mọ ìyà yẹn jù mí lọ?

"Dìde," mo ní. "Pe Yusif."

A bá Dókítà nínú yàrá òkè, ó ń di báàgì rẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìtàn Ọjọ́bọ̀ yẹn sọ kí Bùkọ́lá náà lè gbọ́. Ó wú mi lórí."

Inú rẹ̀ dùn. "Iwájú ilé gogoro gan-an ni! Ọkọ̀ ìpẹja tó yí wa ká á lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan ya igi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa..."

Láàárọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù wọ́n ni. Ní báyìí, ó ti ya igi. Mo mọ irọ́ bí mo ṣe mọ ìyá tó bí mi. Irọ́ kì í dúró bí èèyàn ṣe gbé e kalẹ̀, ó máa ń sanra ni.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́."

Ó wo Bùkọ́lá. "Ọmọ náà..."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà," Yusif ní.

Ó tẹ̀ ẹ́. Pàrà-pàrà. *Ùùùm. Ùm.* Bùkọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀gá Yusif, kí lẹ gbọ́?"

"Àbùùbùtán."

"Kí ni ẹ ò gbọ́?"

Yusif dorí kodò. Mò ń kà á lójú rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, bí trotro tó ń gòkè. Jamestown ló ti fẹ́ ìyàwó. "Ei!" ó ní. "Ẹ́ńjìnnì dà?"

"Ọgọ́rùn-ún ọkọ̀, ọ̀gá mi! Ọ̀kan tiẹ̀ ya igi lára ọkọ̀ wọn! Ṣé ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń wa ọkọ̀ ni? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òkun yìí máa ń dákẹ́ báyìí, ọjọ́ tí máìkì Bùkọ́lá wà nísàlẹ̀."

"Mo lè ti gbà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mìíràn," Dókítà ní. "Arúgbó ni mí, mo lè ṣi ọjọ́ mú."

"Kí ọgọ́rùn-ún apẹja yí yín ká lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Níbí? Bàbá, àwọn àgbà etí òkun ò ní tíì jẹ́ kí ẹ sùn títí di òní."

Dókítà bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó mú àpò gíláàsì náà, ó ṣí i, ó mú mẹ́mórì kékeré dúdú kan níbẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Mo yá sukudiráfà ọmọ yẹn lórí tábìlì rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á kàn ní ó sọnù, mi ò mọ̀ pé wọ́n máa mú un." Ohùn rẹ̀ ò tutù mọ́. "Orí òkun yìí ni irun mi ti hewú. Mo ya ìrù, mo kó ìgbẹ́, mo rì máìkì títí okùn fi bó mi lọ́wọ́. Kò dá mi lóhùn rí. Ọmọ àná yìí rì í lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ọkàn mi gbóná bí iná. Mo ní, kí ló dé tí kì í ṣe èmi?"

Mo ti múra láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ẹ̀fẹ̀ bíi méje lẹ́nu. Mi ò rí ọ̀kankan sọ. Mo mọ iná yẹn. Mo ti ń yá a láti oṣù tó kọjá.

Bùkọ́lá mú mẹ́mórì rẹ̀. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so òkúta mọ́ ọn," ló sọ, ó sì bú sẹ́kún.

Àwọn tó ni ọkọ̀ gbọ́ ohùn náà ní Tema lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́rin, ọkùnrin onírun funfun kan láàárín wọn sì lọ kọjú sí ògiri kó lè sunkún. Wọ́n kọ orúkọ Bùkọ́lá.

Mo sìn wọ́n dé èbúté. Bùkọ́lá dì mọ́ mi, ó ní, "Suhaib, ìwọ lo gbà mí là," ó sì ń wo ọkọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó sáré gòkè. Olútáyọ̀ dúró lẹ́yìn. Ó na ọwọ́ sí mi.

"O ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

"Kò tó nǹkan. Bí mo ṣe rí ọ ni mo ti mọ̀ pé o ò jẹ̀bi."

"Àwọn ọlọ́pàá jẹ́ kí n pe ìyá rẹ, Àlhájà, láti àgọ́ lánàá, kí wọ́n lè jẹ́rìí mi." Kò gbé ohùn sókè. "Àlhájà ní láti ọ̀sán làwọn ti sọ fún ọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni mo wà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tú mi sílẹ̀."

Mo wá irọ́ títí. Mo ní ilé ìkẹ́rùsí irọ́ tó gùn láti ibí dé Kumasi, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀.

"Mi ò sọ fún Bùkọ́lá," ó ní. "Mi ò sì ní sọ fún un. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò rẹ, bóyá màá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ dáadáa, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ.

Ọkọ̀ fọn fèrè, ó sì gbéra. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi kéré. Gbogbo ẹ̀sùn tí mo ti kó jọ sọ́rùn ọkùnrin yẹn, ó ti jí wọn kó mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan, mi ò sì rí ọlọ́pàá kankan tí mo lè pè kó wá mú un.